Ẹ̀rọ Tí A Pa Lè Má Tíì Kú

Ọjọ́ ọjà ni. Èrò pọ̀ níwájú ilé ìlọgbàdo, abọ́ àgbàdo àti abọ́ ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sì tò bẹẹrẹ dé ẹnu ọ̀nà. Lójijì, iná lọ. Ẹ̀rọ náà rọra ń yí títí ó fi dúró. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ rò ó pé àkókò nìyí láti kó ìyẹ̀fun tó ti dì mọ́ inú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó ṣí ìdérí, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ dé ọrùn ọwọ́. Àwọn oníbàárà ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà ń dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni kò rántí: kò pa ẹ̀rọ. Iná ló lọ, ẹ̀rọ ṣì wà ní títàn. Bí iná bá dé ní ìṣẹ́jú náà, ẹ̀rọ kò ní béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú òun kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ẹni tó bá ti gbé ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè sọ ìṣẹ́jú tí iná tó lọ yóò padà dé. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí bọ́tìnnì wọn máa ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Bí iná bá dé, wọn kò ní yí àfi bí ènìyàn bá tún tẹ bọ́tìnnì náà. Irú èyí dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní i, pàápàá èyí tí a rà ní àlòkù, tí a sì fi wáyà so pọ̀ bí ó ti wù wá.

Ẹ̀rọ kì í dá yí. Agbára kan ló ń yí i. Agbára náà lè jẹ́ iná mànàmáná, ó lè jẹ́ epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú àgbá, tàbí oru omi gbígbóná, tàbí ìwúwo lásán. Iná mànàmáná ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ níyì lójú wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn náà ń pa ènìyàn. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì tó ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè fa ọ̀já ẹ̀rọ àti ìka ọwọ́ pọ̀ mọ́ra. Àgbá afẹ́fẹ́ àwọn tí ń tún táyà ṣe ṣì kún lẹ́yìn tí ariwo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ oníná kan, ohun kékeré kan wà tí ń tọ́jú iná pamọ́, ó sì lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Ti ọkọ̀ akóyanrìn tilẹ̀ tún yàtọ̀. A gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, a sì pa ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò awakọ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun gbogbo ti parọ́rọ́. Ṣùgbọ́n òróró tó wà nínú páìpù ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dúró. Ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ láti tú páìpù yẹn, tí kò kọ́kọ́ fi irin tó lágbára gbé e ró, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ já lù ú.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó kàwé Faransé ní orúkọ fún ọ̀nà tí a ń gbà dènà gbogbo èyí: « consignation ». Ní Yorùbá, a lè pè é ní dídè ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, bí a ti ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà jẹ iṣu oníṣu. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó gé ẹ̀rọ kúrò níbi tí agbára rẹ̀ ti ń wá. Kì í ṣe bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀rọ nìkan ni a ń sọ, bí kò ṣe orísun agbára náà gan-an. Lẹ́yìn èyí, a ó fi àgádágodo ti ibẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i. Agbára tó bá kù nínú ẹ̀rọ, a ó tú u dà: a ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, a ó jẹ́ kí ohun tó gbóná tutù, a ó sọ ohun tó wà lókè kalẹ̀ tàbí kí a gbé e ró dáadáa.

Ó ku ìdánwò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, a ó tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó fẹ́ tan ẹ̀rọ náà. Bí ó bá yí, a jẹ́ pé wáyà mìíràn la gé. Bí kò bá yí, a ó dá bọ́tìnnì padà sí ipò pípa. Ẹni tí ń fi ohun ìdánáwò yẹ wáyà wò ní láti kọ́kọ́ dán an wò lára ibi tí iná wà, kí ó tó lò ó níbi tí kò yẹ kí iná wà, kí ó sì tún padà dán an wò níbi tí iná wà. Ohun ìdánáwò tó ti bàjẹ́ kì í rí iná níbikíbi.

Ní ilé iṣẹ́ ńlá, irú èyí tí ń ṣe sìmẹ́ńtì tàbí èyí tí ń ya kóró kúrò lára òwú, bọ́tìnnì lè wà nínú yàrá kan, kí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì wà níbi tí ojú kò ti lè rí i. Nítorí náà, olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ ní àgádágodo tirẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Irin kan wà tó ní ihò púpọ̀: bí ènìyàn mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, àgádágodo mẹ́fà ni wọn yóò fi kọ́ ọ. Bí márùn-ún bá parí iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ náà kò lè yí síbẹ̀, nítorí ẹnì kẹfà ṣì wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ OSHA ti ìjọba gbé òfin kan jáde lórí irú iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989. Ní ilẹ̀ wa, òfin iṣẹ́ 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998 fi ààbò ẹ̀mí àti ìlera òṣìṣẹ́ sí ọrùn agbanisíṣẹ́.

A tún máa ń so ìwé kan mọ́ àgádágodo: MÁ TAN ÁN, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní Yorùbá, kí gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́ lè kà á. Síbẹ̀, ìwé kì í ṣe àgádágodo. Àwọn òṣìṣẹ́ epo kan ní Òkun Àríwá, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Sìkọ́tílándì, mọ ìwé lò dáadáa. Orí àgọ́ irin ńlá kan tí a rì mọ́ àárín òkun ni wọ́n ti ń fa epo àti gáàsì. Piper Alpha ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀ tí ń ti gáàsì tó ti di omi lọ sínú páìpù, tí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì a sinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1988, àwọn òṣìṣẹ́ yọ ohun ìdáàbòbò kan kúrò lórí páìpù ẹ̀rọ kìn-ín-ní láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dè é le tó láti gba agbára gáàsì dúró. Iṣẹ́ kò parí títí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán fi lọ. Ìwé tó sọ ọ̀rọ̀ náà wà. Wọ́n fi sílẹ̀ níbi ìkówèésí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ lẹ́nu fún àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́.

Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ ń kù díẹ̀, ẹ̀rọ kejì kú, kò sì tàn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wá ìwé ẹ̀rọ kìn-ín-ní. Wọ́n rí ọ̀kan, tó sọ nípa àtúnṣe mìíràn tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé ti ohun ìdáàbòbò tí a yọ, ibòmíràn ni wọ́n fi í sí. Wọn kò rí i. Ihò tí a fi irin dí náà wà lókè, kò hàn sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Gáàsì tú jáde, ó gbiná, ó bú gbàmù, iná sì ran gbogbo àgọ́ náà. Ènìyàn 226 ló wà lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, 165 kú. Méjì nínú àwọn tó wá gbà wọ́n là náà kú, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 167. Adájọ́ Cullen, tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1990 pẹ̀lú àbá 106. Ọ̀nà tí a ń gbà ti ẹ̀rọ pa nígbà àtúnṣe wà lára wọn.

Ilé ìlọgbàdo kò tó Piper Alpha, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni ọwọ́ ń jẹ́. Onílọ̀ tó ń lo iná lè fi àgádágodo kékeré ti ilẹ̀kùn àpótí iná rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì tí a ń fi ọwọ́ yí kí ó tó tàn, kí ó ti epo pa, kí ó dúró títí kẹ̀kẹ́ irin kò fi ní yí mọ́, kí ó yọ ọ̀já ẹ̀rọ, kí ó sì fi irin tí a fi ń yí i sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ìtara tan ẹ̀rọ fún ọ̀gá yóò wá irin náà tì. Àwọn oníbàárà yóò kùn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bí iṣẹ́ bá parí, wọn a ka irinṣẹ́, wọn a dá ìdérí padà, wọn a pe gbogbo ènìyàn jáde, kí olúkúlùkù tó ṣí àgádágodo tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kù tí a kò sì rí olówó rẹ̀ ńkọ́? Wọn kì í gbé ayùn. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ wá a, lẹ́yìn náà ni wọn a ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀.