Nọ́ńbà Ara Ògiri Ilé Wa

Bí àlejò bá ń ti Yábàá bọ̀ wá kí wa ní Ọbaníkòró, bí a ti ń júwe ilé fún un kò ṣe àjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. A ó ní kí ó gba Ọ̀nà Ìkòròdú, kí ó kọjá Onípáànù àti Palmgrove, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì béèrè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé tí ìyá oníbúrẹ́dì ń jókòó sí iwájú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn a máa wà tí kò ní sí àyè ìbéèrè: òru ọjọ́ tí iná bá sọ nínú ilé, tàbí tí ìrọbí mú aboyún lójijì, tí ọkọ̀ aláìsàn sì ń wá wa kiri nínú òkùnkùn. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà ojúlé, àti lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ìjọba ń fi kọ̀ǹpútà yà lóde òní.

Ta ni ó ni iṣẹ́ yìí? Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, sọ pé sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ara ilé jẹ́ ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ṣómólú ni ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ní ọdún 2003, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, a yọ ti Bàrígà kúrò lára rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, awọnlẹ̀ a máa fa ẹ̀wọ̀n lórí ilẹ̀, a sì máa fi gègé ya ohun tí ó rí sórí ìwé. Lónìí, láti ojú òfurufú ni a ti ń ya àwòrán ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Èkó ti ṣe nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá (2007 sí 2015). A ó fi kọ̀ǹpútà fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká, ẹ̀rọ yóò sì sọ ibi tí ó wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Síbẹ̀, ẹ̀rọ òfurufú rí òrùlé, kò mọ orúkọ òpópónà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá ilé gbígbé ni tàbí ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n máa béèrè, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà yóò kàn: ó wọ́pọ̀ kí 1, 3 àti 5 wà ní apá kan òpópónà, kí 2, 4 àti 6 sì wà ní apá kejì.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2014, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù keje. Kí a tó lè ká àrùn náà lọ́wọ́ kò, a ní láti wá gbogbo àwọn tí ó fara kan aláìsàn rí, kí a sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Àwọn ènìyàn náà tó 894, láti Èkó dé Port Harcourt, ìbẹ̀wò tí a bẹ̀ wọ́n wò sì tó 18,500. Irú ẹ̀rọ atọ́ka ibi tí a ti ń lò láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó ran àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́. Ènìyàn 20 ni Ẹ̀bólà mú, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo tí a kò bá rí ì bá ti tó láti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà kò sì jókòó lásán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ wọn sí igun kéékèèké, mítà 5 ní ìbú, mítà 5 ní òró, tí olúkúlùkù wọn ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí fóònù. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá kú, àdírẹ́sì tí ó wà nínú rẹ̀ dákẹ́. Nọ́ńbà ara ògiri kì í dákẹ́.

A mọ ohun tí ń ba àwọn onílé lẹ́rù. Wọ́n ní ẹni tí ó wá ka ilé wa lónìí, owó orí ilé ni yóò wá gbà lọ́la. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 2001 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó kó oríṣiríṣi owó ilẹ̀ àti ilé pọ̀ di ọ̀kan, àwòrán ilẹ̀ a sì máa ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà lọ sókè ní ọdún 2018, gbangba ni àwọn ará ìlú ti figbe ta, ìjọba sì dín in kù. Bí ó ti yẹ kí a ṣe é nìyẹn. Ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ pamọ́ fún agbowó-orí ti fi í pamọ́ fún panápaná pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ìgbìmọ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2025, alága Bàrígà kéde pé ibùdókọ̀ tí a ń fi Charly Boy pè yóò máa jẹ́ Baddo, ní ìrántí Ọlámídé olórin, ariwo sì sọ nílé lóko. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí orúkọ òpópónà bá yí padà, ti inú ìwé ilẹ̀ àwọn onílé kò bá a yí, bẹ́ẹ̀ ni ti inú fóònù awakọ̀. Nítorí náà, kí a tó yí orúkọ kan padà, kí a bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Bí a bá sì ti yí i, kí a tún àwòrán ilẹ̀ ṣe ní ọjọ́ kan náà.

Ní ti àwa onílé àti ayálégbé, a bẹ̀ yín, ẹ kọ nọ́ńbà ojúlé yín gàdàgbà síbi tí ẹni tí ń wa ọkọ̀ lè kà á ní òru. Bí ilé méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ní òpópónà yín, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti ibùdókọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù, títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, pẹ̀lú 767 àti 112 tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní Èkó. Ọmọ tí ó lè sọ ibi tí òun ń gbé lè gba gbogbo ilé là.