Bóòtù kan ló dá Koeberg dúró: báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ iná núkílíà?

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2005 ni ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀ka kìíní ní ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Koeberg, nítòsí Cape Town ní South Africa, kọṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u wò, bóòtù kan ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ríákítọ̀ kò jó, ìtànṣán olóró kankan kò sì jáde. Bóòtù lásán ni, irú èyí tí fìtà máa ń fi eyín mú dání nígbà tó bá ń wá sípánà. Ṣùgbọ́n ó ti ba rótọ̀ jẹ́, ìyẹn irin ńlá tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà. Koeberg nìkan sì ni ilé-iṣẹ́ iná núkílíà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí náà kò sí aládùúgbò tí wọn ì bá yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni rótọ̀ mìíràn ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2006 kí ẹ̀ka kìíní tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ará Western Cape jẹ nínú ohun tí Ìbàdàn ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́: iná á dé, iná á lọ.

Alec Erwin, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, sọ ní ìparí oṣù Kejì pé bóòtù yẹn kò ṣèèṣì débẹ̀. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti dé tán nígbà tó sọ ọ́, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá. Nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná lórílẹ̀-èdè náà parí ìwádìí tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni iṣẹ́ ló nawọ́ sí: àìkíyèsára nídìí ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ní tèmi o, àìkíyèsára ń dẹ́rù bà mí ju ọ̀tá lọ. Ọ̀tá a máa sinmi.

Kí ló kan ará Ọ̀rányàn ní Ìbàdàn nínú èyí? Láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, ta ni kò mọ ohun tí sáàfíìsì jẹ́? Oríṣi ẹni méjì ló ń ni jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan kì í yí ọ́ìlì rẹ̀ padà títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́. Èkejì kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi: bó bá kùn díẹ̀, ó ti pe fìtà, wọ́n ti tú u palẹ̀, bí wọ́n bá sì tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì méjì á ṣẹ́kù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la máa ń bá ẹni àkọ́kọ́ wí. Ẹnì kejì yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ núkílíà jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ná wọn ní owó àti àkókò kí wọ́n tó mọ̀.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹ̀rọ a máa darúgbó bí èèyàn, pé bí ọdún tí a dá fún un bá ti pé, ó yẹ kí a tú u. Àwọn onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ já ìgbàgbọ́ yìí ní koro. Lọ́dún 1978, Nowlan àti Heap ti ilé-iṣẹ́ United Airlines kọ ìwádìí kan fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nínú 100 ẹ̀yà tí wọ́n yẹ̀ wò lára ọkọ̀ òfuurufú, 89 ni ọjọ́ orí kò ní ọwọ́ nínú bó ṣe ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ máa ń yára bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò wọ́n. Bí o bá wá ń tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìwọ fúnra rẹ lò ń dá a padà sí ìgbà tó léwu jù láyé rẹ̀.

Lọ́dún 1984, àwọn ilé-iṣẹ́ núkílíà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọgbọ́n yìí wò. Kàlẹ́ńdà nìkan kọ́ ni wọ́n ń bi léèrè mọ́. Iṣẹ́ wo ni pọ́ǹpù yìí ń ṣe? Bó bá kú, kí ni yóò bá a kú? Ǹjẹ́ ó máa ń fi àmì hàn kó tó kú? Bí àmì bá wà, àmì ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n á wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n, torí bẹ́ríǹnì tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń gbọ̀n lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n á bu ọ́ìlì díẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wo ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀. Èyí tí ọjọ́ orí ń pa lóòótọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún kàlẹ́ńdà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀rù jàǹbá náà tì wọ́n dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, nígbà tí omi tó ń lọ gba ooru ríákítọ̀ nínú àwọn ìkòkò oru dáwọ́ dúró ní Three Mile Island ní Amẹ́ríkà, àwọn pọ́ǹpù àfikún gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi wọn kò kọjá. Àwọn tó yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ méjì ṣáájú ti ti fáàfù, wọn kò sì ṣí i padà. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló fa wàhálà ọjọ́ náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 1991 ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin ìtọ́jú ẹ̀rọ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1996. Òfin náà kò sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pàrọ̀ ohunkóhun. Ohun tó ní kí wọ́n fi hàn ni pé ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, kó kọ́kọ́ wo ohun tó tún wà ní títú lọ́jọ́ yẹn. Lọ́dún 1990, ọjọ́ 104 ni ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ máa ń wà ní pípa, bí a bá pín in dọ́gba, láti fi pàrọ̀ epo yuréníọ́mù kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ ṣe. Lóde òní, oṣù kan lé díẹ̀ ni.

Ti bóòtù ńkọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n máa ń pààlà yí i ká. Gbogbo sípánà tó bá wọlé, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó mú un. Péènì àpò pàápàá kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí tí iye tó jáde kò bá iye tó wọlé mu, wọn kò ní pa ẹ̀rọ náà dé.

Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ àmì lè rí àmì kó má kà á sí. Ilé-iṣẹ́ núkílíà Davis-Besse ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìpẹtà ń dí àwọn asẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n á pàrọ̀ asẹ́, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́dún 2002, nígbà tí wọ́n yẹ ìdérí ríákítọ̀ wò, ásíìdì tó ń jò ti jẹ irin ibẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Abala irin tín-ín-rín tí kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ló kù tó dá omi gbígbóná náà dúró.

Koeberg náà ti darúgbó báyìí. Lọ́dún 1984 ni ẹ̀ka kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn níná, 40 ọdún ni wọ́n sì dá fún un. Kí wọ́n tó lè fi 20 kún un, wọ́n ní láti pàrọ̀ ìkòkò ńlá mẹ́ta tó ń sọ omi di oru ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn aṣojú IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dún 2022, lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni kí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ògiri kọ́ńkéré tó bo ríákítọ̀ máa ṣiṣẹ́ pé pérépéré. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ nǹkan náà nílò ẹni tó ń ṣọ́ ọ! Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ẹ̀ka kìíní gba àṣẹ títí di 2044.

Nàìjíríà ní ríákítọ̀ kan, ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, láti ọdún 2004. Kò ju nǹkan bí kílówáàtì 30 lọ, ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe. Àjọ tó ń ṣàkóso núkílíà nílẹ̀ wa ní ilé ìwádìí lórí ààbò ìtànṣán nínú Yunifásítì Ìbàdàn níhìn-ín. Ìjọba ti bá Rosatom, ilé-iṣẹ́ núkílíà ti Rọ́ṣíà, tọwọ́ bọ̀wé lórí kíkọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà, wọ́n sì ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom pé ibẹ̀ ni wọn yóò kọ́ ọ sí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa ètò yìí kò sí nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́. Bí a bá pa ríákítọ̀, ooru rẹ̀ kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà: ó ṣì máa ń ku nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú 100, iná sì gbọ́dọ̀ wà láti máa fa omi sí i lára. Iná ìta àti jẹnẹrétọ̀ tó pa pọ̀ dákẹ́ ló sọ Fukushima ní Japan di ohun tó dà lọ́dún 2011. Iná ìta tiwa, láti Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, a sì mọ iye ìgbà tó máa ń dojú bolẹ̀ lọ́dún. Ó tún ku ìṣirò kan. Àwọn onímọ̀ ní kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá iná orílẹ̀-èdè lọ, kí ìyókù má baà bá a lọ bó bá kú. Nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì ni tiwa, ríákítọ̀ ńlá òde òní sì máa ń lé ní 1,000. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dárúkọ àwọn kékeré tí kì í kọjá 300. Rọ́ṣíà ti gbé méjì sórí ọkọ̀ ojú omi kan, Akademik Lomonosov, tó ti ń tanná láti ìparí 2019. Àmọ́ irú tuntun wọ̀nyí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ lára wọn.