Ta ni Randall Goosby, ọ̀dọ́ tó ń fi violin jí orin tó ti sùn?

Violin tí Randall Goosby fi ń ṣeré káàkiri àgbáyé kì í ṣe tirẹ̀. Ọdún 1708 ni Antonio Stradivari ṣe é nílùú Cremona, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Samsung Foundation of Culture, tó jẹ́ àjọ kan ní South Korea, ló yá a lò.

Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Lọ́dún 2011, ẹnìkan san nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 dọ́là láti ra ọ̀kan lára àwọn violin tí Stradivari ṣe. Ẹlòmíràn lè ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ kó má rí irú owó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ àti olówó fi máa ń rà á, tí wọ́n á sì yá àwọn olórin tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n lò.

Báwo wá ni ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà ṣe dé ipò yìí?

Láti ọmọ ọdún 7

Ìlú San Diego ni wọ́n bí Goosby sí lọ́dún 1996. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Korea tó dàgbà sí Japan.

Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ violin. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 9, ó ti bá Jacksonville Symphony, ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ní Florida, ṣeré lórí ìtàgé. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó bá New York Philharmonic ṣeré.

Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Juilliard ní New York. Itzhak Perlman, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí violin, àti Catherine Cho ló kọ́ ọ níbẹ̀.

Kí ni Sphinx ṣe fún un?

Lọ́dún 2010, Goosby gbégbá orókè nínú ìdíje Sphinx, ní ìsọ̀rí àwọn ọ̀dọ́. Aaron Dworkin, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń fi violin ṣeré, ló dá àjọ Sphinx sílẹ̀ lọ́dún 1997.

Ohun tó rí ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di òní, nínú olórin 100 tó wà nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú kò tó 3.

Kì í ṣe pé ẹ̀bùn kò sí. Ọdún gbọọrọ ni èèyàn fi ń kọ́ violin, olùkọ́ tó dáńtọ́ sì wọ́n. Ìdíje bíi ti Sphinx máa ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn owó, ó sì máa ń jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ṣeré kí àwọn tó lè gbé e ga lè rí i.

Orin inú ilé àfọ́kù

Nígbà tó di ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Decca, tó ń gbé àwo orin jáde, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Goosby. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Roots, jáde lọ́dún 2021. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ orin inú rẹ̀ ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀kan lára wọn ni Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà láti Sierra Leone.

Òmíràn ni Florence Price, tí wọ́n bí ní Arkansas lọ́dún 1887. Lọ́dún 1933, ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Amẹ́ríkà ṣeré symphony tó kọ. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn púpọ̀ kò ṣí fún un. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Serge Koussevitzky, olùdarí ẹgbẹ́ olórin Boston, lọ́dún 1943, ó ní ohun ìdíwọ́ méjì ni òun ní: pé òun jẹ́ obìnrin, àti pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára òun.

Price kú lọ́dún 1953, púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì di àwátì. Ọdún 2009 ni tọkọtaya kan tó fẹ́ tún ilé àfọ́kù kan ṣe nílùú St. Anne, ní Illinois, kan òkìtì ìwé orin nínú rẹ̀. Price ló kọ wọ́n. Violin concerto méjì tó kọ wà lára ohun tí wọ́n rí.

Lọ́dún 2023, Goosby àti Philadelphia Orchestra gbé méjèèjì jáde nínú àwo orin, pẹ̀lú iṣẹ́ Max Bruch, ará Jámánì tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn olólùfẹ́ violin.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ẹ̀bùn. Goosby rí òbí tó fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ láti kékeré, ó rí olùkọ́, ó rí ìdíje tó gbé e síta, ó sì rí ẹni tó yá a ní violin. Price kọ lẹ́tà, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Kò sí ohun tó yí padà nínú orin tí Price kọ láti ọjọ́ tó ti wà nínú ilé yẹn. Ẹni tí yóò ṣeré rẹ̀ ló ń dúró dè.