Ejò nílé, ẹ̀rù ládùúgbò

Bí Yorùbá bá rí ejò, igi ló máa ń wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú London, àwọn kan ń fi owó ra ejò, wọ́n ń sìn ín nínú yàrá.

Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni royal python, erè kékeré tó máa ń wá láti ilẹ̀ Benin, Togo àti Ghana. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ni yóò ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Òfin ọdún 1976 lórí ẹranko eléwu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín. Ẹni tó bá fẹ́ sin paramọ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà á.

Àmọ́ òfin kì í lé ẹ̀rù lọ́kàn ènìyàn. Onílé lè ní òun kò gba ayálégbé tó ní ejò. Ìyá lè kọ̀ láti sùn nílé ọmọ tó bí.

Ní Ouidah, nílẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń bọ erè, bí ọ̀kan bá ṣìnà wọ ilé ẹlòmíràn, wọn yóò rọra gbé e padà sí ojúbọ ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ní London, ẹni tó ni ejò nìkan ló mọ ìwà rẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó ṣe sùúrù.

Kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí rẹ̀. Kí ó sọ fún àlejò kó tó wọlé. Kí ó má gbé ejò kọ́rùn jáde. Ẹni tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù rẹ̀ lè sún mọ́ ọn lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí a fi ejò lé kiri kò ní padà wá mọ́.