Ìdí tí àṣìṣe fi ń pọ̀ nínú ìtàn tí àwọn ọmọ Yorùbá ń fi èdè Òyìnbó kọ

Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn tí yóò bá òwe tàbí gbólóhùn kan mu. Máàkì 50 ló wà fún àròkọ náà, 10 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gbé ìlàjì máàkì lọ. Bí ó bá pé 20, máàkì 10 náà ti wọmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú èdè Òyìnbó, ẹnu ọ̀nà Yunifásítì ni yóò dúró sí.

Ní Ṣáṣá, nítòsí Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi Yorùbá ro ìtàn kó tó fi Òyìnbó kọ ọ́. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya òmùgọ̀. Gírámà èdè méjì ló ń jà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni ti àsìkò. "Mo lọ", "mò ń lọ", "màá lọ": "lọ" kan náà ni nínú Yorùbá. Ṣùgbọ́n Òyìnbó a máa sọ "go" di "went". Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn àná pẹ̀lú "I went to the market", kó tó dé àárín, yóò kọ "the thief see me and run". Òmíràn yóò sì ṣe é ní àṣejù, yóò kọ "I did not saw him". "Did" ti ru ẹrù àná tán. "See" ló yẹ kó tẹ̀lé e.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. "Ó" ni à ń pe ọkùnrin, òun náà la ń pe obìnrin, ìyá inú ìtàn a sì di "he" lójijì. Ní ti àgbà, "wọ́n" là ń lò. Bí ọmọ bá wá kọ "My father came and they beat me", ọ̀wọ̀ ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì yóò máa wá ẹni tó bá bàbá nà án.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ méjì. "Yá" ni ti ẹni tó fúnni àti ti ẹni tó gbà, òun ló bí "I borrowed him my book", dípò "lent". A sì ń gbọ́ òórùn, ni ọmọ ṣe kọ "I heard the smell".

Àwọn òbí kan rò pé kí ọmọ má sọ Yorùbá mọ́ nílé ni àtúnṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Òyìnbó lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Òyìnbó rárá.

Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ gbé èdè méjèèjì síwájú ọmọ, kó fi ibi tí wọ́n ti yà hàn án. Bí ọmọ bá sì kọ ìtàn tán, kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta: kó kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, kó wo "he", "she" àti "they" lẹ́yìn náà, kó tó wo àwọn ọ̀rọ̀ tó kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún èyí, máàkì tí kò bá sì sọnù níbẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn Yunifásítì fún un.