Àkókò Tí Ọ̀rọ̀ Gbéra Náà Jẹ́ Ohun Àṣírí

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ kì í sábà lọ ní gbangba mọ́. Báǹkì, ilé ìwòsàn àti àwọn ẹ̀rọ inú ilé a máa dì í ní àdììtú kí ó tó gbéra, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dá a lọ́nà kò ní rí nǹkan kan kà, àfi bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àdììtú kò bò, èyí sì ni àkókò tí ọ̀rọ̀ náà gbéra.

Bí ìránṣẹ́ bá jáde ní ààfin ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ó sì forí lé ilé oníṣègùn, kò sí ẹnì kan ní àdúgbò tí ó gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an. Síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú ni yóò ti máa sọ pé ara Ọba kò yá. Ìránṣẹ́ kò la ẹnu, àṣírí sì ti tú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley yẹ SSH wò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ̀rọ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ ni SSH ń dì ní àdììtú, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ lẹ́tà kan ni ó ń rán an lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àlàfo àárín lẹ́tà kan àti èkejì kò dọ́gba, nítorí ọwọ́ méjì tí ń gbà á fún ara wọn a máa yá ju ìka kan ṣoṣo tí ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Nípa wíwọn àlàfo wọ̀nyí nìkan, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ẹni tí ń wá páásíwọ́ọ̀dù lè yá ní ìlọ́po 50. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé bí a bá ń wo ìgbà àti ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ inú ilé ń rán jáde, a lè mọ ìgbà tí onílé sùn, láì tú àdììtú kankan.

Ọ̀ràn yìí tún le sí i nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣírò ìròyìn tí ń ṣàn wọlé láìdáwọ́dúró, bí iye iná tí mítà kọ sílẹ̀, tàbí bí ọkàn aláìsàn ti ń lù. Ọgbọ́n tí Pascal Paillier gbé jáde ní ọdún 1999 jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti ro àwọn iye tí a dì ní àdììtú pọ̀ láì tú wọn. Nítorí náà ilé iṣẹ́ lè háyà kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó bá a ṣe àròpọ̀, láì jẹ́ kí ó mọ iye kankan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ní láti mọ èyí tí ó jẹ́ ti wákàtí yìí àti èyí tí ó jẹ́ ti wákàtí tí ó kọjá, kí ó má baà dà wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ àkókò sí ẹ̀yìn àpòòwé, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí gbogbo ojú ti lè kà á. Mítà tí kì í ránṣẹ́ àfi nígbà tí iná tí à ń lò bá yí padà yóò sọ ìgbà tí onílé jí, ìgbà tí ó jáde, àti ọjọ́ tí ilé ṣófo. Olè kò nílò ju èyí lọ.

A lè fi àkókò gan-an sínú àdììtú, kí a kọ nọ́ńbà ìpín àkókò nìkan sí ẹ̀yìn. Èyí kò tó bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ránṣẹ́ nígbà tí ó wù ú, nítorí ẹni tí ó lúgọ sí ojú ọ̀nà ní aago tirẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí ìránṣẹ́ ààfin máa jáde ní alaalẹ́, ì báà ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ì báà má ní. Lọ́nà ti Paillier, òfo tí a dì ní àdììtú kò yàtọ̀ sí iye gidi lójú ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí a bá sì ro òfo mọ́ àpapọ̀, àpapọ̀ kò yí padà. Irú ọ̀nà yìí ni OpenSSH gbà ní oṣù October ọdún 2023: nígbà tí ènìyàn bá ń tẹ̀wé, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń ránṣẹ́ ní àlàfo tí ó dọ́gba, bí ọwọ́ bá sì dúró, a tún máa rán àwọn lẹ́tà ẹ̀tàn fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfo ń jẹ owó dátà, ó sì ń jẹ bátìrì. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọkàn ni ó gba ìrònú jù, nítorí bí ó bá ní láti dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ó tó kígbe, aláìsàn lè ti kú. Ní tiwa, àlàfo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó tọ́ níbẹ̀, iye yòówù kí ó náni, kí igbe lè bá ìránṣẹ́ tí ó kàn lọ, kí ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà má sì mọ òru àlàáfíà yàtọ̀ sí òru ìdágìrì. Mítà iná lè dúró fún ìṣẹ́jú 30 láì pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ilé lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá ó ń di ọ̀rọ̀ ní àdììtú, kí ó sì tún béèrè bóyá bákan náà ni ó ń ránṣẹ́ nígbà tí ènìyàn wà nílé àti nígbà tí ilé ṣófo.