Ìwé Ìròyìn, Ìjọba àti Ará Ìlú: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ta?

Yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tí ó ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí ó tó di gómìnà. Olóyè Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ni ẹni náà. Láti 1954 títí di 1962, ó ń kọ̀wé sínú Daily Service àti Daily Express lábẹ́ orúkọ Ayékòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa gún àwọn tí ó wà nípò bí abẹ́rẹ́. Orúkọ ẹyẹ odídẹrẹ́ ni Ayékòótọ́; ayé kọ òtítọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní 1979, Ọ̀nàbáńjọ di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1981, ìjọba rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n OGTV sílẹ̀, ó sì dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1982. Ẹni tí ó ti ń bá ìjọba wí wá di ìjọba, ó sì ní ilé iṣẹ́ ìròyìn lọ́wọ́. Kí ni ó wá yẹ kí oníwèé ìròyìn jẹ́ sí ìjọba: ìránṣẹ́ ni, tàbí olùṣọ́?

Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Siebert, Peterson àti Schramm, gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1956. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́rin ni ayé ti gbà wò ó. Àwọn kan gbà pé ìjọba ni ó ni ọ̀rọ̀, ẹni tí yóò bá tẹ̀wé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Àwọn kan ní kí olúkúlùkù sọ ti ẹnu rẹ̀, òtítọ́ ni yóò borí. Àwọn kan gba òmìnira náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí ó ní in jẹ ará ìlú ní gbèsè òtítọ́. Ọ̀nà kẹrin ni ti Soviet Union, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ti ń darí gbogbo ìwé ìròyìn kí ìjọba náà tó tú ká ní 1991.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní pọ̀ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé náà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú rí níhìn-ín tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1859, Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Nígbà tí aáwọ̀ àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó di ńlá ní 1867, àwọn ará ìlú lé àwọn òyìnbó jáde, ilé ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Oníwèé ìròyìn lè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kí ó má bọ́ lọ́wọ́ ìbínú ará ìlú. Ní 1903, ìjọba Èkó ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi 250 pọ́n-ùn ṣe ìdúró.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó le jù lọ nínú ìtàn wa ni Àṣẹ Kẹrin ti ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ní 1984. Kì í ṣe irọ́ nìkan ni òfin náà ń fìyà jẹ. Ó tún ka ìròyìn tí ó bá lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi wé abúlé kan tí olórí ti ná owó kànga tí gbogbo ará abúlé dá jọ: bí akéde bá kígbe rẹ̀, akéde ni a ó dè, nítorí pé ó dójú ti olórí. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lábẹ́ òfin náà nítorí ìròyìn nípa àwọn aṣojú Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé ìròyìn wọn san 50,000 náírà. Ní ọdún kan náà, Ọ̀nàbáńjọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n ìjọba ológun. A fagi lé òfin náà ní 1985.

Lónìí, abala 22 Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí àwọn oníwèé ìròyìn máa rí i pé ìjọba ń jíhìn fún ará ìlú. Èyí fi hàn pé olùṣọ́ ni wọ́n. Ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ wúlò púpọ̀ fún ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó orí àti ìforúkọsílẹ̀ ìbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń retí kí ó ka ẹ̀bi ìjọba nínú rẹ̀ yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí yàrá ìkàwé abúlé ní ju ìwé ìròyìn kan lọ lórí tábìlì.

Òfin mìíràn wà tí kò béèrè pé kí ènìyàn jẹ́ akọ̀ròyìn, èyí tí a ṣe ní 2011. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní etí omi ní Abígi, lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba láti béèrè iye tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn. Kò ní láti sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè bẹ ẹlòmíràn kí ó bá a kọ ọ́. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ 7 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹni tí ó béèrè ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, bí adájọ́ bá sì rí i pé wọn kò ní ìdí láti kọ̀, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà.